Lẹ́tà bàbá mi, àti àdúgbò kan tí mi ò rí lórí máàpù

Ọmọ Dírẹ́bà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Èkó àtijọ́. Ọ̀rọ̀ kan rú mi lójú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i.

Bàbá mi jáde láyé lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí a ń tú ẹrù wọn, a rí páálí bàtà kan tí wọ́n fi awẹ́ tiúbù kẹ̀kẹ́ dì pinpin. Ìwé iṣẹ́ wọn ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Dírẹ́bà ni wọ́n ní ẹ́ḿbásì kan ní Victoria Island láti 1979 títí di 1999. Mi ò ní dárúkọ orílẹ̀-èdè náà, torí ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì wọn ṣì wà nílẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta ló mú mi ronú. Géètì kan ṣoṣo ni wọ́n ń bá wọlé fún ogún ọdún, wọn ò kó kúrò níbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì tó wà lórí lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ti 1984 ní Eleke Crescent. Ti 1999 ní Walter Carrington Crescent. Mo ti gbọ́ méjèèjì rí. Èyí tó wà láàárín, tí wọ́n kọ ní 1998, Louis Farrakhan Crescent ló wà lórí rẹ̀. Mo wá a lórí máàpù Google títí ojú fi ń ro mí, kò sí. Ẹ̀gbọ́n mi ní akọ̀wé ló ṣì í tẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń ṣi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tẹ̀?

Ìkejì nìyí. Màrókò, àdúgbò kan tó wà lẹ́bàá Victoria Island tẹ́lẹ̀, ni wọ́n bí ìyá mi sí. Tí ọkọ̀ wa bá ń gba Ozumba Mbadiwe kọjá, ilẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n máa ń wò títí a ó fi kọjá tán. Mo bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, “Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti lé wa níbẹ̀ yẹn.” Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo mọ̀, ti 1990. Èwo ni ẹ̀ẹ̀kejì?

Alàgbà Kúbwà

Ọmọ Dírẹ́bà, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Akọ̀wé yẹn kò ṣì í o. Ẹ fi lẹ́tà yẹn pamọ́ dáadáa.

Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkèèrè ni mo ti fẹ̀yìn tì, fáìlì ni mo fi ọjọ́ ayé mi tò, nítorí náà mo rántí ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé àná ni. Walter Carrington ni aṣojú Amẹ́ríkà sí Nàìjíríà láti 1993 sí 1997. Aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ni, ọmọ Nàìjíríà ló fi ṣaya, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ June 12 sábẹ́ ahọ́n sọ. Ìjọba Abacha kò fẹ́ rí i sójú. Nígbà tí àwọn NADECO, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ìjọba tiwa-n-tiwa, ń ṣe àpèjẹ ìdágbére fún un ní 1997, ọlọ́pàá ló gbébọn wá tú wọn ká, bí ẹni tó fẹ́ mú olè. Aṣojú Amẹ́ríkà o!

Ní New York, àwọn aláṣẹ ìlú náà wá mú orúkọ Kudirat Abiola, ìyàwó M.K.O. tí wọ́n yìnbọn pa ní Èkó ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà 1996, wọ́n fi sọ kọ̀rọ̀ títì tí Nigeria House wà. Ẹ wo ọgbọ́n orí yẹn. Àwọn tí Abacha rán níṣẹ́ lọ síbẹ̀, abẹ́ orúkọ obìnrin náà ni wọ́n á máa gbà wọ ọ́fíìsì láràárọ̀. Ìjọba Abacha níbí náà ní àwọn ò ní gbà. Ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà wà ní Eleke Crescent nígbà náà, ni wọ́n bá sọ Eleke di Louis Farrakhan Crescent, orúkọ olórí Nation of Islam, ẹgbẹ́ Mùsùlùmí aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, tí òun àti ìjọba Amẹ́ríkà kì í fojú rere wo ara wọn. Abacha kú ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà 1998. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tún yọ pátákó yẹn, tí wọ́n wá kọ orúkọ Carrington fúnra rẹ̀ síbẹ̀.

Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ń bá jà, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Ítálì náà wà lórí títì kan náà. Gbogbo wọn ló gba orúkọ tuntun láìjẹ gbèsè ẹnikẹ́ni, tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé tó ní orí lẹ́tà tuntun. Àwọn onítakisí ní tiwọn kò yí ohùn padà. Tí o bá wọ takisí ní Ọbáléndé tí o ní Farrakhan lò ń lọ, wọ́n á ní àwọn ò mọ ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ Màrókò dáhùn.

Ìyá Fọ́tò

Ọmọ mi, ọmọ-ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ èyí. Èmi ń sọ, òun ń tẹ̀. Tó bá ṣì í tẹ̀, òun ni kí ẹ bú.

Láti 1983 ni mo ti ń jókòó ní Eleke. Eleke ni mo ń pè é títí di òní. Iye ìgbà tó bá wù wọ́n kí wọ́n yí pátákó padà, ìyẹn kan àwọn fúnra wọn.

Ẹ̀ẹ̀kejì tí ìyá rẹ ń sọ, òun gan-an ni ẹ̀ẹ̀kíní. Kò tíì sí láyé nígbà yẹn, àwọn òbí ẹ̀ ni wọ́n lé. Ilẹ̀ Iru ni Victoria Island, ìdílé Oníru ló ni ín. Ẹ lọ wo orúkọ káńsù ibẹ̀ dòní, Iru-Victoria Island ni wọ́n kọ, Iru ló ṣáájú. Omi ló yí i ká nígbà náà: òkun ní ìsàlẹ̀, ọ̀sà ní ẹ̀gbẹ́, Five Cowrie Creek láàárín òun àti Ìkòyí, àbàtà ní apá ibi tí oòrùn ti ń yọ. Àwọn èèyàn ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń pẹja, wọ́n ní àgbọn, wọ́n ní ojúbọ. Ọmọ Iru ni ọkọ mi. Bàbá rẹ̀ máa ń sọ fún wa bí àwọn LEDB, àjọ ìjọba tó ń tún Èkó ṣe nígbà náà, ṣe wá wọn ilẹ̀, tí wọ́n ń ka ilé, tí wọ́n ń ka igi àgbọn, tí wọ́n wá dé ojúbọ ìdílé wọn, tí akọ̀wé kan ṣí ìwé sílẹ̀ tó ní, “Èyí ńkọ́, èló ni?” Bàbá ní gbogbo àgbààgbà ló wo ara wọn lójú. Ta ló tíì bèèrè iye òrìṣà rí? Wọ́n sọ iye kan ṣá. 1948 ni owó náà jáde, ìdílé Oníru gba tiwọn, àwọn tí wọ́n wó ilé àti ojúbọ wọn gba tiwọn, wọ́n sì kó wọn lọ sí Màrókò. Nígbà tí wọ́n kúrò tán ni wọ́n wá ń da yanrìn sí àbàtà. Ibi tí àwọn ẹ̀rọ yẹn ti ń tu yanrìn, àwọn awakọ̀ ṣì ń pè é ní Sandfill, kọ́ńdọ́ àwọn danfo kò sì mọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, gbogbo orílẹ̀-èdè ayé ló ń wá ibi tí yóò fi àsíá sí. Ilẹ̀ tuntun ti wà, títì ti wà, omi wà lẹ́yìn ilé fún atẹ́gùn.

Ṣùgbọ́n ta ló ń se oúnjẹ fún wọn? Ta ló ń gé koríko? Màrókò ni wọ́n ń sùn. Kúùkù, dírẹ́bà, máígàdí, àwọn obìnrin tó ń tọ́jú ọmọ òyìnbó, Ìlàjẹ, Ẹ̀gùn, Ìgbò, Calabar, gbogbo wa la wà níbẹ̀. Tí òjò bá rọ̀, Màrókò di ẹrẹ̀ dé orúnkún. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ á ká ṣòkòtò, á fi bàtà sínú nílọ́ọ̀nù, á rin ẹsẹ̀ lásán dé ojú títì. Àwọn ọmọdé kan wà lẹ́bàá títì tí wọ́n ń ta omi ẹsẹ̀. Kọ́bọ̀ márùn-ún ni abọ́ kan. Wàá jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, wàá fọ ẹsẹ̀, ọmọ náà á fún ọ ní àkísà, wàá wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun rẹ, wàá wọ bàtà rẹ, ó di ọ̀gá. Tí o bá dé géètì ẹ́ḿbásì láago méje, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé inú àbàtà lo ti jáde. Bóyá bàbá rẹ náà fọ ẹsẹ̀ rí lọ́dọ̀ wọn.

1990 wá. Bọ́ọ̀lù àgbáyé Ítálì ń lọ lọ́wọ́, Roger Milla ti gbayì, inú gbogbo ọkùnrin Màrókò ń dùn bí ẹni pé Nàìjíríà ni Cameroon. Rédíò ló sọ ọ́. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún wa. Gómìnà ológun ní ilẹ̀ wa ti rẹlẹ̀ ju òkun lọ, pé òkun máa gbé wa, pé àìsàn máa pa wá, nítorí ìfẹ́ ni àwọn ṣe fẹ́ kó wa kúrò. Ọ̀pọ̀ kò gbà á gbọ́. Ọkọ mi wo àṣekágbá Jámánì pẹ̀lú Argentina lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó sùn. Ní Sátidé, ọjọ́ 14 oṣù keje, katapílà dé pẹ̀lú àwọn ṣójà.

Mi ò ní sọ gbogbo ẹ̀. Èyí tí mo rí ni mo máa sọ. Ọkọ mi mú skurudiráfà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilẹ̀kùn wa. Mo ń pariwo pé páànù ni kó lọ ká, ìkòkò ìrẹsì mi ni kó gbé, ó ní igi ìrókò ni ilẹ̀kùn yìí, òun ò ní fi í sílẹ̀. Katapílà ti dé ilé kẹta sí tiwa, ó ṣì ń tú síkúrù kan tó ti dípẹtà. Ó tú u. Òun àti ẹ̀gbọ́n mi gbé e lérí bí pósí. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 300,000 èèyàn ló pàdánù ibùgbé wọn ní Màrókò, èmi ò kà wọ́n, ṣùgbọ́n mo rí i pé títì kún láti Sandfill lọ, bẹ́ẹ̀dì, adìyẹ, ẹ̀rọ ìránṣọ, arúgbó tí wọ́n gbé sínú bárò.

Ọkọ mi ní ìwé ilé, nítorí náà wọ́n fún wa ní fúláàtì ní Ìlasan lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan. Ayálégbé kò rí nǹkan kan gbà. Fúláàtì náà kò ní fèrèsé, kò ní ilẹ̀kùn, ẹlòmíì sì ti wà nínú rẹ̀ tó mú ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́, nọ́ńbà kan náà. Mi ò ní dárúkọ ọ́fíìsì tó fún wa ní ìwé méjì fún ilé kan. A jọ gbé e fún ọdún kan, èmi ní yàrá, wọ́n ní pálọ̀. Ilẹ̀kùn ìrókò náà la fi dí ẹnu ọ̀nà yàrá, ó fi ìka mẹ́rin kúrú sí férémù. Ó ṣì wà níbẹ̀. Rọ́ọ̀gì la fi ń dí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí eku má bàa wọlé.

Tunji P.

Ìyá wa, ẹ kú ìrìn. Peckham ni mo wà. Mo sùn sórí páálí ní Eleke yẹn fún òru méjì ní 1996 nítorí físà Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá kan ta ìrẹsì fún mi lọ́jọ́ kejì, ó wo ojú mi, ó ní òun ò gba owó ẹran, pé tí mo bá rí físà gbà kí n padà wá san án. Mo rí i gbà. Mi ò padà wá. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ forí jì mí, mo jẹ yín ní ẹran méjì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tọkàn mi, kí ẹ má bínú. Mo mọ Màrókò, àbúrò bàbá mi gbé ibẹ̀. Omi ni lóòótọ́. Kò sí gọ́tà, kò sí ilé ìyàgbẹ́ tó ṣe é rí. Olú ìlú orílẹ̀-èdè ni Èkó nígbà náà, gbogbo ayé ń fi ojú Victoria Island wò wá. Bí wọ́n ṣe ṣe é burú, àmọ́ ṣé ó yẹ kó máa wà bẹ́ẹ̀?

Ìyá Fọ́tò

Tunji, kì í ṣe èmi. Èmi kì í ta ẹran ní àwìn. Lọ wá ẹni tí o jẹ ní gbèsè.

Gọ́tà tí kò sí, ta ló yẹ kó gbẹ́ ẹ? Láti ìgbà tí wọ́n ti kó àwọn èèyàn wa lọ síbẹ̀, ṣé wọ́n gbẹ́ gọ́tà kan fún wọn ni? Ìwọ̀n ìrìn ẹsẹ̀ la wà sí ibi tí wọ́n ti ń bomi rin koríko aṣojú láàárọ̀ àti lálẹ́.

Òkun tí wọ́n ní ó máa gbé wa ńkọ́? Ibi tí ilé wa wà, ẹ lọ wò ó. Ilé alájà mẹ́rin ni, Oniru Estate ní apá kan, Victoria Island Annex ní apá kan. Ó dà bíi pé òkun ti mọ ẹni tó yẹ kó gbé. Ẹ̀wẹ̀, Bar Beach gan-an ni òkun wá ń jẹ. Ẹ rántí bí omi ṣe máa ń kún Ahmadu Bello Way, tí ọkọ̀ ń léfòó níwájú ọ́fíìsì àwọn olówó? Kò sẹ́ni tó fún wọn ní ọjọ́ méje. Odi òkúta ni wọ́n kọ́ fún wọn. Àwọn tí òkun gbé lọ ní Kuramo ní oṣù kẹjọ 2012, inú ahéré ni wọ́n sùn. Kò pẹ́ tí ìjọba fi wó ìyókù ahéré wọn.

Ọmọ-ọmọ mi ní kí n rọra sọ̀rọ̀. Mo ti rọra.

Ọmọ Dírẹ́bà

Màmá, mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ sí etí ìyá mi. Nígbà tí mo dé ibi omi ẹsẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn náà ta á nígbà tí àwọn wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, pé kọ́bọ̀ kan péré ni nígbà tiwọn, ẹ ti gbówó lé e. Wọ́n ní kí n bi yín bóyá ẹ mọ ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìnímá, tó ní igi èso kan tó tẹ̀ sórí òrùlé.

Èmi náà fẹ́ bi yín: kí ni ẹ ń ṣe ní Eleke báyìí? Ó ti lé ní ogójì ọdún.

Ìyá Fọ́tò

Sìnímá mélòó ló wà ní Màrókò? Mi ò mọ ilé náà. Màrókò tóbi ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kí ìyá rẹ má bínú.

Ìrẹsì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn 1990, mo ń kúrò ní Ìlasan láago mẹ́ta òru kí n tó lè dé Eleke láago márùn-ún, èrò ti máa ń tò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí GSM dé ní 2001 ni ọjà yí padà. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú fóònù wọ inú ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà. Ẹni tó ti Ìlọrin wá, tó ti Bìní wá, ibo ló máa fi fóònù sí? Ọ̀dọ̀ mi. Mo pa ìkòkò tì.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Mo ní àpò aṣọ kan tí mo rán sí àpò kéékèèké ọgọ́ta, bíi ti àwọn tó ń ta oògùn. Wàá pa fóònù rẹ níwájú mi, kí o má bàa sọ pé mo pè é. Páálí sìgá ni mo ń gé fi ṣe nọ́ńbà, mo máa ń ya á sí méjì, kí ẹ̀gbẹ́ tó ya lọ́wọ́ rẹ lè bá èyí tó wà lọ́wọ́ mi mu. Ayédèrú kò lè ṣe é, torí páálí kì í ya bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò tíì sọ fóònù kan nù rí. Fóònù máa ń dún nínú àpò, ìyàwó ń pè, pásítọ̀ ń pè láti gbàdúrà. Ojú èèyàn ni mo fi ń mọ̀ bó ṣe lọ nínú lọ́hùn-ún. Ẹni tí wọ́n fún ní físà máa ń gbàgbé láti gba ṣéńjì. Ẹni tí wọn ò fún, ó máa ń ka fóònù rẹ̀ wò bóyá batiri ṣì wà nínú ẹ̀.

Fọ́tò náà wà níbẹ̀. Aṣọ funfun kan, mo so ó mọ́ ara ògiri, ọmọ mi ọkùnrin ló ń yà á, íǹṣì méjì sí íǹṣì méjì. Láti 2016 tí wọ́n ti ní àwọn ò fẹ́ gíláàsì lójú mọ́, àwọn bàbá ọlọ́pọlọ pípé máa ń bá mi jà. Mo ní kì í ṣe èmi ni ìjọba Amẹ́ríkà, Bàbá, ẹ bọ́ ọ.

Alàgbà Kúbwà

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọ̀dọ̀ wa kún un, nítorí ọ̀rọ̀ yín bá mi níbi kan.

Ní 1975 ni ìjọba Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ kan dìde, Adájọ́ Akinola Aguda, ọmọ Àkúrẹ́, ni alága. Wọ́n ní Èkó ti fún jù, pé kò lè máa ṣe olú ìlú ìpínlẹ̀ kó tún máa ṣe olú ìlú orílẹ̀-èdè. Òfin kẹfà ọdún 1976 ló fìdí Àbújá múlẹ̀. Ìwé ètò ìlú náà parí ní 1979, Kenzo Tange ará Japan ló wá ya àárín ìlú. Mo rí máàpù náà lára ògiri ọ̀gá wa ní Èkó, ó lẹ́wà, títì tààrà, àyè ẹ́ḿbásì lọ́tọ̀, àyè mínísítà lọ́tọ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ fún wa ní ọ́fíìsì ni pé ilẹ̀ tí kò lẹ́ni ni.

Ọjọ́ 12 oṣù kejìlá 1991 ni Babangida kó ìjọba dé ibí. Èmi náà kó wá, mo gba ilé sí Kubwa torí owó oṣù mi kò gbé àárín ìlú. Onílé mi, ọmọ Gbagyi ni, ẹ̀yà tó ti wà lórí ilẹ̀ ibí tẹ́lẹ̀. Tí wọ́n bá bi í ní ibi tó ti wá, á ní, “Maitama.” Èrò á wo sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló ń sọ. Abúlé wọn ni Maitama, Kubwa ni ìjọba kó wọn wá. Nísinsìnyí àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè ló ń gbé ní Maitama, orúkọ abúlé rẹ̀ ló wà lórí ìwé wọn, òun ló sì ń san owó mọ́tò tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀.

Àwọn ẹ́ḿbásì pàápàá kò sáré tẹ̀lé wa. Ọdún ń gorí ọdún, wọ́n ṣì ń ti Èkó kọ lẹ́tà sí wa. Nígbà tí wọ́n wá tó ó kó, tí Amẹ́ríkà kọ́ ilé ńlá sí Diplomatic Drive níbí, wọn ò kó kúrò ní Eleke pátápátá. Wọ́n fi kọ́ńsúléètì síbẹ̀. Èkó ni èrò físà wà, ibo ni wọ́n fẹ́ lọ?

Tunji P.

Alàgbà, wọ́n ti fẹ́ lọ o. Oṣù kẹta 2022 ni Amẹ́ríkà ṣe ìfilọ́lẹ̀ iṣẹ́ kíkọ́ kọ́ńsúléètì tuntun ní Eko Atlantic, ilẹ̀ éékà 12 ó lé díẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ní yóò ná wọn ní 537 mílíọ̀nù dọ́là, 2027 ni wọ́n dá pé yóò parí. Orí yanrìn tí wọ́n dà sínú òkun ní Bar Beach ni. Ìyá Fọ́tò, ṣé ẹ máa tẹ̀lé wọn?

Ìyá Fọ́tò

Mo ti gbọ́. Ọmọ-ọmọ mi lọ wo ibẹ̀ lọ́jọ́ àìkú kan. Ó ní odi òkúta tó dí òkun gùn bí nǹkan míì, títì rẹ̀ fẹ̀, kò sí ihò kan. Mo ní igi ńkọ́? Ó ní igi wo? Mo ní igi tí èèyàn lè so aṣọ funfun mọ́, tí oòrùn ò fi ní pa á. Ó ní kò sí. Gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Ó tún ní géètì wà kí o tó dé géètì, wọ́n á bi ọ́ lẹ́ni tí o fẹ́ rí.

Bar Beach tí mo mọ̀, àwọn aláṣọ funfun ń gbàdúrà ní ẹ̀gbẹ́ omi, àwọn ọmọ Hausa ń fi ẹṣin gbé ọmọdé káàkiri, a máa ń ra súyà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń yìnbọn pa àwọn adigunjalè nígbà ìjọba Gowon, èèyàn á sì kún bí ẹni tó wá wo eré. Lórí ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ máa bi àwọn ọmọ yín ní, “Kí lo fẹ́ lọ ṣe ní Amẹ́ríkà?”

Mi ò tíì mọ̀ bóyá màá lọ. Ọmọ mi ọkùnrin ní kí a lọ gba ṣọ́ọ̀bù kan sí ìta níbẹ̀. Mo ní kó lọ bèèrè iye rẹ̀ ná. Ó lọ, ó padà dé, ó jẹun, kò sọ nǹkan kan.

Ọmọ Dírẹ́bà

Màmá, ìyá mi ní ẹ ṣeun. Wọ́n tún sọ pé igi ìyeyè ni igi yẹn, bóyá ìyẹn á jẹ́ kí ẹ rántí.

Mo fẹ́ wá sí Èkó lóṣù tó ń bọ̀ láti wá ya fọ́tò géètì tí bàbá mi ń bá wọlé. Ṣé mo lè wá kí yín?

Ìyá Fọ́tò

Má dojú fóònù kọ géètì ẹ́ḿbásì kankan o, ọlọ́pàá á gbà á lọ́wọ́ ẹ, ọ̀rọ̀ náà á sì di ti ẹ̀yin méjèèjì. Òdìkejì títì ni kí o dúró sí, kí o ṣe bí ẹni tó ń ya ara rẹ̀. Ọmọ mi á bá ọ yà á.

Mọ́ńdè èrò máa ń pọ̀, wá ní Wẹ́sìdeè, lẹ́yìn aago kan. Tí o bá dé Bonny Camp, sọ fún onítakisí pé Eleke, lọ́dọ̀ ìyá tó ń gba fóònù. Mú ìyá rẹ dání, kódà tó bá jẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ ni yóò máa wò dé ọ̀dọ̀ mi. Mo rántí igi ìyeyè kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìnímá. Ọ̀nà ọjà ni. Kó wá, a ó jọ wádìí ẹ̀.